Àtọ̀sí Ajá àti Kíndìnrín: Ohun tí Síkáànù Lè Fi Hàn Wá

Orúkọ àìsàn kan ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orúkọ náà ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Àtọ̀sí ajá ni Yorùbá ń pe àìsàn tí ó ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀, pàápàá ní ìparí ìtọ̀. Ajá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kì í sì í ṣe àtọ̀sí tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ìjọra orúkọ, ìtìjú a máa mú kí ọmọ pa á mọ́ra. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dá, àwọn ará ilé a gbà pé àìsàn ti lọ. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé wa ni pé ẹ̀jẹ̀ lè dá, kí kíndìnrín sì máa bàjẹ́ lọ.

Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, ni ó rí aràn tí ń fa àìsàn yìí ní ìlú Cairo ní ọdún 1851. Láti ara ìgbín kékeré inú omi ni ọmọ aràn ti ń jáde, tí ó sì ń gba awọ wọ ara ẹni tí ó bá wọ odò. Àìsàn náà kò ṣàjèjì ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Nítorí náà, ọmọ Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́ tí ń lúwẹ̀ẹ́ lódò kò gbọdọ̀ kà á sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ẹyin aràn a máa há sí ara àpò ìtọ̀ àti ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú kíndìnrín. Ara a gbógun tì í. Ibẹ̀ a wú, a sì di àpá. Bí ọ̀nà bá ti fún, ìtọ̀ a ṣẹ́rí padà, a sì máa fẹ inú kíndìnrín. Èyí lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìrora.

Níbí ni síkáànù ti wúlò. Etí wa kì í gbọ́ ìró tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ẹ̀rọ yìí lè tó 3,500,000. Bí òkè ti ń dá ohùn wa padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà ara ń dá ìró náà padà, tí ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán rẹ̀. Àwọn onímọ̀ pàdé ní Niamey ní 1996 lórí bí a ó ṣe máa lò ó fún àìsàn yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì tẹ ìlànà náà jáde ní 2000. Ọmọ yóò kọ́kọ́ mu omi kí àpò ìtọ̀ lè kún. Bí kíndìnrín bá fẹ̀, yóò lọ tọ̀, a ó sì tún un wò, nítorí pé àpò tí ó kún nìkan lè fẹ̀ ẹ́.

Síkáànù kò rọ́pò àyẹ̀wò ìtọ̀, nítorí pé nǹkan mìíràn, bí òkúta inú kíndìnrín, lè fa irú ìyípadà kan náà. Ṣùgbọ́n ó ń fi ewu hàn nígbà tí ó ṣì ní àtúnṣe. Oògùn praziquantel, mílígíráàmù 40 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n, a máa pa aràn náà. Síkáànù sì ti fi hàn pé kíndìnrín tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ̀ lè padà sípò láàrin oṣù díẹ̀. Àpá tí ó ti pẹ́ kì í sábà gbọ́ràn bẹ́ẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ní ìkádìí, ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ àti òbí yé fi orúkọ àìsàn dójú ti ọmọ. Ọmọ tí ó bá lè sọ ọ́ ni a lè tètè wò. Kí a má sì ṣe fi ẹ̀jẹ̀ tí ó dá ṣe ẹ̀rí ìwòsàn.