Títún ìṣòro ohùn ṣe lórí Raspberry Pi

Raspberry Pi jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré alápátákó kan, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan ní oṣù kejì ọdún 2012. Linux ni ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ipele méjì ni ohùn ń gbà kọjá nínú rẹ̀. ALSA, tí ó wà nínú kernel Linux fúnra rẹ̀, ni ó ń darí káàdì ohùn. Apèsè ohùn wà lókè rẹ̀, òun ni ó ń gba ohùn lọ́wọ́ oríṣiríṣi ètò, tí ó ń pò wọ́n pọ̀, tí ó sì ń pinnu ibi tí wọn yóò gbà jáde. PulseAudio ni Raspberry Pi OS lò láti ìparí ọdún 2020. PipeWire gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2023.

Bí ohùn kò bá jáde, ipele tí àléébù wà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Àṣẹ <code>aplay -l</code> ń to àwọn káàdì tí kernel rí. Bí káàdì tí a ń wá kò bá sí níbẹ̀, apèsè ohùn kò jẹ̀bi, títún un bẹ̀rẹ̀ kò sì lè ṣe àǹfààní kankan. Bí káàdì bá wà, ó ṣeé ṣe kí ohùn máa lọ sí HDMI nígbà tí olùgbọ́ fi hẹ́dífóònù sétí. <code>pactl list short sinks</code> yóò fi ojú ọ̀nà tó wà hàn, <code>pactl set-default-sink</code> yóò sì yan èyí tí a fẹ́. Raspberry Pi 5 kò tilẹ̀ ní ihò hẹ́dífóònù rárá.

Aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan ni ó ní apèsè ohùn tirẹ̀. Nítorí náà, ètò orin tí a fi <code>sudo</code> ṣí lè má rí apèsè ohùn ẹni tí ó wọlé. Bákan náà, lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kì í wọlé sí, apèsè ohùn kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí a bá lo <code>loginctl enable-linger</code> fún aṣàmúlò náà.

Ohùn tí ń já, tí ó sì ń ta pàrà, le ju èyí lọ. Ní ìwọ̀n 48,000 àyẹ̀wò ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìpín méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyẹ̀wò 256 kò ju nǹkan bí ìdá 11 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí ẹ̀rọ kò bá rí ìpín tuntun dí kí èyí tó tán, àlàfo yóò wọ inú ohùn. Bí a bá sọ ìpín kọ̀ọ̀kan di 1,024, àyè yóò gbòòrò tó nǹkan bí ìdá 43. Ẹni tí ń gbọ́ orin lásán kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ń tẹ dùùrù gba inú ẹ̀rọ náà yóò gbọ́ pé ohùn ń pẹ́ lẹ́yìn ìka òun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré yí nọ́ńbà wọ̀nyí padà nígbà tí iná tí ń wọ ẹ̀rọ ni kò tó. Bí iná bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bí fólítì 4.63 lọ, ẹ̀rọ lè dín ìyára rẹ̀ kù. <code>vcgencmd get_throttled</code> ń sọ bóyá èyí ti ṣẹlẹ̀; <code>0x0</code> túmọ̀ sí pé kò tíì ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí a ti tan ẹ̀rọ. Lórí Raspberry Pi 3 àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, ojú ọ̀nà USB 2.0 kan ṣoṣo ni ihò okùn íntánẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ihò USB jọ ń pín lò, nítorí náà káàdì ohùn USB lè máa já nígbà tí fáìlì ńlá bá ń wọlé. Láti orí Raspberry Pi 4 ni a ti ya méjèèjì sọ́tọ̀.