Nígbà Tí Ogun Bá Tẹ̀ Lé Sọ́jà Wálé

Oṣù Kejìlá kan wà tí àwa kò lè gbàgbé. Àwọn ọmọdé ń yin bángà Kérésì ní àdúgbò Pleasure, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Abẹ́òkúta. Arábìnrin kan sáré wọlé tọ̀ wá wá, kò tilẹ̀ wé gèlè. Ó ní ọkọ òun ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń pariwo pé kí gbogbo ilé dọ̀bálẹ̀.

Sọ́jà tó ti fẹ̀yìntì ni ọkọ yìí. Ó wà lára àwọn ECOMOG tó jagun ní Làìbéríà. Lọ́sàn-án, á jókòó bí ère. Lóru, bí oorun bá gbé e lọ, á máa pe orúkọ àwọn tí wọ́n ti kú. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni ìyàwó ń sùn, nítorí ó ti fún un lọ́rùn rí lójú oorun, kò sì mọ̀ nígbà tó jí.

Kí ni àwa ṣe? Ó ń tì wá lójú láti sọ ọ́. A ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. A ta òróró sí i lórí, a ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ẹni tí kò rí oorun sùn, a tún gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀! A bi ìyàwó bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan fara sin nínú ilé. Omijé ló fi dá wa lóhùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin náà ní òun fẹ́ kú. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ ló fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Pásítọ̀, ẹ má bínú sà. Ẹ jẹ́ kí dókítà rí i lónìí. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lójú ogun ló ń padà wá bá a.”

A ti ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19 láìmọye ìgbà. Lẹ́yìn ìjà orí òkè Kámẹ́lì, Èlíjà ń tọrọ ikú lábẹ́ igi. Áńgẹ́lì kò bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó sì jẹ́ kí ó tún sùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní 1944, ìjọba sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Láńtòrò ní Abẹ́òkúta di ibi ìtọ́jú fún àwọn sọ́jà wa tí Ogun Àgbáyé Kejì dá àrùn ọpọlọ sí lára. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Àrò ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Àrò ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ó sì ní kí ẹbí kan bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un. Wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láàrin èèyàn. Títì iwájú ilé wa yìí ló lọ sí Abẹ́òkúta, síbẹ̀ èébú ni a ń fi “Àrò” bú ara wa!

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, kò dìgbà tí ẹ bá dé Àrò. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, tó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìgàndó, kí wọ́n kọ̀wé fún yín. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023, ti rọ́pò èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kú, ẹ má dá a dá ilé. Ẹ kó okùn, ọ̀bẹ àti oògùn kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹ sì béèrè ìyàwó. Gbogbo wa ń ki arábìnrin yìí pé, “Ọkọ ńkọ́?” Dókítà ló kọ́kọ́ bi í pé, “Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń sùn?” Ó tó wákàtí kan tó fi sunkún.

Àwa lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ tọkọtaya náà. Bàbá ṣì ń lo oògùn, a sì ń gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ló máa ń jókòó sí nínú ìsìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa wà lẹ́yìn òun. A kì í pè é síwájú mọ́. Ọmọ tó ń lu ìlù ńlá sì ti mọ̀ pé kí òun kọ́kọ́ rọra kàn án lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lù ú.