Ìtẹ́lẹ̀ Aláìlálàfo: Ọ̀ràn Onígun Márùn-ún

Ìtẹ́lẹ̀ aláìlálàfo ni orúkọ tí ó yẹ fún títo ẹ̀dà àwòrán kan náà bo ilẹ̀ pẹrẹsẹ, bí bíríkìlà ti í to táìlì, láìsí àlàfo, láìsí pé ọ̀kan gun èkejì. Gbogbo onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́rin ni ó ṣe é tò bẹ́ẹ̀. Onígun márùn-ún ni ìṣòro wà fún. Èyí tí ó jẹ́ ọlọ́gbọọgba ní ìwọ̀n 108 dígírì ní igun kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́ta bá pàdé lójú kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 324. Ó ku 36 kí 360 tó pé, igun kẹrin kò sì lè wọ ibẹ̀. Bí àwọn igun kò bá dọ́gba, ọ̀nà lè là.

Nínú àwọn tí igun wọn kankan kò tẹ̀ wọnú, Karl Reinhardt, ará Jámánì, ṣe àwárí oríṣi márùn-ún ní 1918. Richard Kershner fi mẹ́ta kún un ní 1968, ó sì kéde pé iye wọ́n pé. Kò pé. Nígbà tí Scientific American gbé ọ̀ràn náà jáde ní 1975, Richard James rí ọ̀kan sí i. Marjorie Rice, ìyàwó ilé kan ní California, kà nípa rẹ̀ nínú ẹ̀dà tí ọmọ rẹ̀ ń gbà. Ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀ kò kọjá ti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nílé ìdáná ni ó ti ń yàwòrán. Bí àlejò bá dé, a máa kó wọn pamọ́. Ó ṣẹ̀dá àmì tirẹ̀ láti fi bí igun ṣe ń pàdé hàn (àmì rere kì í ṣe ohun kékeré), ó sì fi í yẹ ọ̀nà gbogbo wò létòlétò. Oríṣi mẹ́rin ni ó rí láàárín 1976 sí 1977.

Rolf Stein rí ìkẹrìnlá ní 1985. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún jáde ní 2015. Ní 2017 ni Michaël Rao fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀rí pé kò sí òmíràn.