Bí A Ṣe Ń To Ìdíje Ìlúwẹ̀ẹ́ Ọ̀nà Jíjìn fún Àwọn Àgbàlagbà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní ìlú Matsuyama lórílẹ̀-èdè Japan, màmá ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún kan wọ inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Mieko Nagaoka ni orúkọ wọn. Mítà 1500 ni wọ́n fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Mítà 25 péré ni adágún náà gùn, nítorí náà wọ́n ní láti là á já láti orí dé ìdí nígbà 60. Wọ́n fẹ̀yìn lé omi, wọ́n ń fọwọ́ fa omi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa fọwọ́ kan ògiri ìkẹyìn, aago ti ka wákàtí kan, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 54. Kò sí ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún kankan tó ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìdíje.

Lọ́dún 2021, Florian Wellbrock, ọmọ Jámánì, lúwẹ̀ẹ́ iye mítà kan náà nínú irú adágún bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá bíi 7 ló gbà á. Kí màmá tó parí ẹyọ kan, Wellbrock ìbá ti parí márùn-ún, ìbá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìkẹfà.

Kò sí olóòtú ìdíje àgbàlagbà, èyí tí wọ́n ń pè ní Masters, tí kì í bá irú ìyàtọ̀ báyìí pàdé. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje Masters àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú Amarillo ní ìpínlẹ̀ Texas lọ́dún 1970, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 18 lè wọlé. Wọ́n pín àwọn òmùwẹ̀ sí ìsọ̀rí ọjọ́ orí: 18 sí 24, 25 sí 29, 30 sí 34, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí kọjá 100. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì àti bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ ń bọ̀ wá lo adágún kan náà lọ́jọ́ kan náà. Bí eré kúkúrú bá ni, kò sí wàhálà: ẹni tó lọ́ra jù kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Eré gígùn ló ń jẹ ọjọ́ tán: mítà 800 àti 1500, tàbí yáàdì 1000 àti 1650 nínú adágún oníyáàdì 25 ti àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í lúwẹ̀ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú eré kan. Kò sí pé a ń ṣe ìdánwò láàárọ̀ kí a tó wá ṣe àṣekágbá nírọ̀lẹ́. Àkókò tí o bá ṣe ni wọn yóò fi wé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n adágún tó ní ọ̀nà mẹ́jọ kò lè gbà ju ènìyàn mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà a ó pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan gbọ́dọ̀ jáde tán kí òmíràn tó wọlé. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá da ẹ̀wà àti iṣu sínú ìkòkò kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀wà ni yóò sọ ìgbà tí a máa jẹun. Iṣu lè ti jinná tipẹ́, kó dúró síbẹ̀ kó máa wòran. Nínú ọ̀wọ́ òmùwẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó lọ́ra jù ló ń sọ bí ọ̀wọ́ náà ṣe máa pẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní ènìyàn 64 forúkọ sílẹ̀ fún yáàdì 1650, tí adágún sì ní ọ̀nà mẹ́jọ. Ọ̀wọ́ mẹ́jọ nìyẹn. Bí a bá fi iyára tò wọ́n, tí ẹ̀wà wà pẹ̀lú ẹ̀wà, tí iṣu wà pẹ̀lú iṣu, ẹni ìkẹyìn nínú àwọn ọ̀wọ́ náà lè parí ní ìṣẹ́jú 19, 21, 23, 25, 27, 30, 34 àti 40. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 219, ìyẹn wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 39. Ká wá ní ọjọ́ orí la fi tò wọ́n, tí àwọn mẹ́jọ tó lọ́ra jù sì fọ́n ká, ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀wọ́ tó máa parí kí ìṣẹ́jú 34 tó pé mọ́. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́jọ, ìṣẹ́jú 272 nìyẹn, ó ti lé ní wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Ènìyàn kan náà, omi kan náà, ṣùgbọ́n nǹkan bíi wákàtí kan ti ṣòfò.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní Amẹ́ríkà, iyára ni wọ́n fi ń to eré gígùn nínú omi, tí ọjọ́ orí kò sì wọ ọ̀rọ̀ náà àfi lórí ìwé. Obìnrin ẹni ọdún 30 lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 68 nínú ọ̀wọ́ kan, nítorí pé iyára wọn dọ́gba. Bí wọ́n bá jáde tán, kálukú padà sí ìsọ̀rí tirẹ̀ láti gba àmì ẹ̀yẹ. Ẹni tó ṣe ìkarùn-ún nínú omi lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Òótọ́ inú ni ètò yìí dúró lé, nítorí pé òmùwẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kọ àkókò tó rò pé òun máa ṣe sílẹ̀. Ẹni tó kọ ìṣẹ́jú 22, tó wá lo 31, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló gbà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń retí níta. Èyí tó tún burú ni ẹni tó forúkọ sílẹ̀ tí kò wá: ọ̀nà rẹ̀ máa ṣófo fún ìdajì wákàtí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé tábìlì kan sí ẹ̀gbẹ́ adágún. Kí agogo tí wọ́n dá tó lù, ìwọ fúnra rẹ ni yóò lọ fàmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ pé o ṣì fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Orúkọ tí kò bá ní àmì, wọ́n á yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó pín ọ̀wọ́, tí wọ́n sì lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri.

Bí èrò bá ṣì pọ̀ jù, òfin ìdíje Masters lágbàáyé gbà kí ènìyàn méjì lo ọ̀nà kan nínú eré mítà 400, 800 àti 1500, kí wọ́n sáà ti jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, kí aago kálukú sì dá dúró. Nínú ìṣirò wa, ọ̀wọ́ mẹ́jọ á di mẹ́rin, ìṣẹ́jú 219 á sì di 116. Níbi ìdíje àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà dín èrò kù ni pé kí òmùwẹ̀ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú eré gígùn méjèèjì.

Ìgbà wo ni kí a wá fi eré gígùn sí? Bí ó bá ṣáájú láàárọ̀, apá àwọn òmùwẹ̀ á ti ro kí eré kúkúrú tó kàn. Bí ó bá kẹ́yìn, àárẹ̀ á ti mú àwọn tó ń di aago mú, àwọn tó ni adágún á sì máa wo ilẹ̀kùn. Nítorí náà ni ìdíje ńlá ṣe máa ń ya ọjọ́ àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún un. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn tó yára jù wọlé. Èrè rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti parí lè nu ara, kó wá ka ìye fún ẹni tó ń bọ̀.

Kíkà yẹn kì í ṣe eré ọmọdé. Ìgbà 66 ni òmùwẹ̀ máa la adágún já nínú yáàdì 1650, ẹni tó dojú bo omi kò sì lè fọkàn kà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á kúnlẹ̀ sí òpin kejì, á ti pátákó onínọ́ńbà bọ inú omi, á máa mì ín bí ó bá ti ń súnmọ́. Nọ́ńbà tí kò ṣeé fi méjì pín nìkan ló wà níbẹ̀: 1, 3, 5, nítorí pé ìyẹn ló ń bá òmùwẹ̀ ní òpin kejì. Bí ó bá ku àlọ kan péré, pátákó á yí padà di àwọ̀ ọsàn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tún ní ìdíje kan tó yí ìṣòro náà padà pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òmùwẹ̀ á lọ sí adágún àdúgbò rẹ̀, á lúwẹ̀ẹ́ fún wákàtí kan gbáko, ẹlòmíràn á ka bí ó ṣe jìnnà tó, wọ́n á sì fi ránṣẹ́. Kò sí mítà kankan tí ó ní láti pé. Yálà o yára, yálà o lọ́ra, ìgbà kan náà ni gbogbo yín máa jáde. Ìkòkò ti kúrò lórí iná. Ohun tó kù ni kí a wo bí ẹ̀wà àti iṣu ṣe jinná tó.