Báàtì tó ti Ọ̀yọ́ dé Rio

Ní Ìlaròó níbí, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọmọkùnrin tó pagbo yí tábìlì tẹ́níìsì kan ká. Ẹni tí wọ́n bá nà á gbé báàtì sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Bí ẹnì kan bá wá ti ẹ̀yìn fọ́ bọ́ọ̀lù tí kò ṣeé dá padà, orúkọ kan ni wọ́n ń ké: Aruna!

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Aruna Quadri, ọdún 1988 ni wọ́n bí i. Láyé òwò ẹrú, ilẹ̀ Yewa wa ni ará Ọ̀yọ́ ń gbà lọ bá Potogí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Quadri ní tirẹ̀ bá Potogí délé: báàtì ló fi ń jẹun níbẹ̀, ó gbá a fún Sporting ní Lisbon kó tó kọjá sí Fulda ní Jámánì.

Ife Àgbáyé tẹ́níìsì orí tábìlì ọdún 2014 ní Düsseldorf ló gbé e jáde. Ó wà lára àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn, ITTF, àjọ tẹ́níìsì orí tábìlì àgbáyé, sì fi í ṣe ọkùnrin tó ta yọ jù lọ́dún náà. Àwọn kan ní orí ló bá a ṣe é. Èmi ò gbà. Segun Toriola, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, ti ń lọ Òlíḿpíìkì láti 1992, ó lọ nígbà méje. Ojú ọ̀nà ti là kí Quadri tó dé. Ọwọ́ tirẹ̀ náà sì yàtọ̀: bí ọ̀pọ̀ bá rọ̀ mọ́ tábìlì, òun á sún sẹ́yìn, á fi gbogbo ara ju ọwọ́ ọ̀tún. Ní Òlíḿpíìkì Rio lọ́dún 2016, Timo Boll ará Jámánì rí i, 4-2 ni Quadri fi nà án. Láàárín àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn ni Ma Long ọmọ Ṣáínà ti tó dá a dúró. Ṣáájú rẹ̀, kò sí ọmọ Áfíríkà tó dé ìpele yẹn rí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti òun àti Sharath Kamal, ọmọ Íńdíà tó fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Quadri nà án ní Ìdíje Commonwealth ní Gold Coast lọ́dún 2018. Ní irú ìdíje kan náà ní Birmingham lọ́dún 2022, tí Íńdíà kojú Nàìjíríà, Sharath gbẹ̀san, ẹni ogójì ọdún! Ó tún gba wúrà lé e. Ọdún 2025 ló gbé báàtì sílẹ̀ ní Chennai. Quadri ò tíì gbé tirẹ̀ sílẹ̀.