Ìfẹ́ Aládùúgbò àti Ọ̀rọ̀ Ààlà nínú Fíìmù Àbẹ̀ní

Nínú àwọn eré tí ó dá lórí ìfẹ́ aládùúgbò, ọ̀nà jíjìn kọ́ ni ó máa ń ya olólùfẹ́ méjì. Ògiri kan ṣoṣo lè wà láàrin ilé wọn, síbẹ̀ kí òbí fàáké kọ́rí. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti fi fíìmù Àbẹ̀ní, tí Túndé Kèlání darí ní ọdún 2006, ṣe àlàyé irú ààlà tí ó ń dènà irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mẹ́nu ba ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwádìí. Ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ní òun ti rí ẹni tí òun yóò fẹ́, ìbéèrè tí òbí ń bi í ni pé, "Ọmọ ta ni?" Orúkọ ọmọbìnrin nìkan kò tó ìdáhùn. Wọ́n fẹ́ mọ ìdílé, ìwà àti àìsàn tí ó wà níbẹ̀, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì. Níwọ̀n bí àwọn ará àdúgbò kan náà ti sábà máa ń tan mọ́ra, aládùúgbò gan-an ni ó yẹ kí a wádìí rẹ̀ dáadáa. Ìdí èyí ni pé ìdílé méjì ni ìgbéyàwó ń so pọ̀.

Nínú fíìmù yìí, ọmọ olówó ni Àbẹ̀ní, tí Ṣọlá Asedeko ṣe. Ilé aláìní ni Àkànní, tí Amzat Abdel Hakim ṣe, ti jáde wá. Wọ́n ti mọ ara wọn láti kékeré kí wọ́n tó pínyà. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n tún pàdé ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí à ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975.

Ibùdó ìtàn yìí ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn lórí pípín ilẹ̀ náà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ti Kétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni ará ilé ṣe di àjèjì lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ààlà ìjọba yìí kò lè ya Àbẹ̀ní àti Àkànní. A ń gbọ́ èdè Faransé nínú fíìmù náà, síbẹ̀ Yorùbá ni èdè tí àwọn méjèèjì jọ ní. Ohun tí ó ṣòro fún wọn láti rékọjá ni ààlà tí ó wà láàrin olówó àti aláìní, èyí tí wọ́n ti bá nílé láti kékeré.

Irú ọ̀rọ̀ yìí wà níbòmíràn. Nínú Bombay, fíìmù èdè Tamil tí Mani Ratnam darí ní ọdún 1995, ọmọkùnrin ẹlẹ́sìn Híńdù àti ọmọbìnrin Mùsùlùmí láti abúlé kan náà fẹ́ràn ara wọn. Bàbá méjèèjì kọ̀. Wọ́n sá lọ sí ìlú Bombay, wọ́n sì fẹ́ra níbẹ̀. Ìjà ẹ̀sìn tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1992 sí 1993 tún bá wọn níbẹ̀. Ẹ̀sìn ni ààlà tiwọn, bí owó ti jẹ́ ààlà nínú Àbẹ̀ní. Nínú fíìmù méjèèjì, ìlú tí olólùfẹ́ bá ara wọn kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ààlà tí ìdílé fà.

Kì í ṣe pé ìwádìí kò dára. Ààbò ni ó wà fún, kí ọmọ má ba à kó sínú àìsàn tàbí kí ó fẹ́ ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí "Ọmọ ta ni?" bá ti di "Èló ni bàbá rẹ̀ ní?", ìbéèrè náà kò dáàbò bo ọmọ mọ́, ọlá òbí ni ó ń dáàbò bò. Ní èrò tiwa, ìyípadà yìí gan-an ni ó yẹ kí olùṣelámèyítọ́ máa wá nínú àwọn fíìmù ìdílé wa.