Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ọkọ̀ Ìrìnnà Lórí Pápá Ìsáré

Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan ní Ìgòló, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì pè wá sí abẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọ̀kan nínú wọn na fóònù rẹ̀ sí wa. Nínú fídíò tí ó fi hàn wá, a rí ọkọ̀ kékeré kan, irú èyí tí ń gba èbúté Kùtọnu wọlé lójoojúmọ́, tí ó ń la igbó ilẹ̀ Jámánì kọjá bí ẹni tí ogun ń lé. Kì í ṣe ọkọ̀ ìdíje. Nọ́ńbà ìrìnnà wà lára rẹ̀, ẹni tí ó sì wà á lọ síbẹ̀ ni yóò tún wà á padà sílé. "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n," ni ọmọ náà wí, "ọkọ̀ ilé lásán nìyí. Kí ló ṣe tiwa tí kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

A kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí a mọ ọ̀nà tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀dà tí ó so Àjàṣẹ́ pọ̀ mọ́ Ìgòló ni. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọmọ iléèwé ń gbà lọ sí kíláàsì ní òwúrọ̀. Òun ni zémidjan tí ó di kẹ́ẹ̀gì kpayo mẹ́yìn ń gbà. Orí rẹ̀ sì ni ewúrẹ́ ń sùn sí nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ó tọ́ kí a fi làákàyè dá a lóhùn, a sì lọ wádìí.

Ohun tí ó wà nínú fóònù yẹn ní orúkọ. Àwọn Faransé ń pè é ní journée circuit. Ọjọ́ tí àwọn tí ó ni pápá ìsáré ọkọ̀ máa ń ṣí i sílẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá sanwó lè wá fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sáré níbi tí ọkọ̀ kankan kò ti ní dojú kọ ọ́, tí àwọn tí ó mú àsíá lọ́wọ́ sì wà káàkiri láti kìlọ̀ fún un. Kò sí ìdíje níbẹ̀, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá lára ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní sùúrù títí onítọ̀hún yóò fi yà fún un. Pápá inú fídíò náà ni Nürburgring, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1927. Òpópó rẹ̀ tí ó gba apá àríwá gùn tó 20.8 kìlómítà, àwọn ará ìlú sì lè sanwó wọ̀ ọ́ ní àwọn ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀. Nílẹ̀ Faransé, pápá Bugatti ní Le Mans, tí ó lé díẹ̀ ní kìlómítà mẹ́rin, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa, Sẹ̀nẹ̀gà ni a ti lè rí pápá gidi, èyí ni Dakar Baobabs tí ó wà ní Sindia, lójú ọ̀nà Mbour.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà àjèjì pátápátá ni kí a mú ọkọ̀ ìrìnnà, kí a tún un ṣe, kí a sì fi í dojú kọ ohun tí ó le. Àwọn bàbá wa mọ Peugeot 504 bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú ẹni. Ọdún 1968 ni ó jáde nílẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kaduna, 504 sì di ọba ọ̀nà láti Èkó títí dé Kétu. Nínú ọdún 1975 yẹn kan náà ni Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà. Ní ọdún 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 onílẹ̀kùn méjì tí ó ní ẹ́ńjìnnì V6 gba Safari, ó sì tún fi í gba ìdíje Bandama ní Côte d'Ivoire. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí ìlà kẹta nínú 504 familiale, tí orúnkún yín kan àgbọ̀n yín, ẹbí ọkọ̀ tí ó borí ayé nìyẹn.

Àwọn tí ó pèsè wọn kò fi eré nìkan ṣe ọ̀rọ̀. Wọ́n mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bandama ní ọdún 1972, nígbà tí kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó parí ìdíje náà láàárín àkókò tí a fi lélẹ̀. Gbogbo wọn ló lè sáré. Ẹni kan kò dé.

Nítorí náà, nígbà tí a padà bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀, a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀dọ́ kì í fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, èyí ni bíréèkì.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni bíréèkì ń ṣe: ó ń sọ eré di ooru. Ọkọ̀ tí ó wúwo tó 1,200 kìlò, tí ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ó bá dúró lẹ́ẹ̀kan péré, ooru tí yóò jáde lára bíréèkì rẹ̀ tó láti mú omi kànga tí ó tó líità kan àtààbọ̀ hó. Bí ó bá jẹ́ 140 ni ó ń sá, yóò mú líità mẹ́ta hó. Ẹ kíyè sí i pé eré náà kò fi ìdajì lé sí i, síbẹ̀ ooru ti di ìlọ́po méjì. Lójú ọ̀nà, a kì í sábà tẹ bíréèkì tó bẹ́ẹ̀. Lórí pápá, kọ́nà kan ń tẹ̀lé òmíràn ni, bíréèkì kò sì rí àyè tutù.

Ooru yẹn ń ti ara díìsìkì wọ páàdì, ó sì ń ti ara páàdì wọ inú òróró bíréèkì, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní liquide de frein. Ibẹ̀ ni ewu wà. Òróró yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ tí a gbàgbé sínú àwo ní àkókò òjò. Èyí tí a kọ DOT 4 sí lára, bí ó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Nígbà tí ó bá ti mu omi, ó lè hó ní nǹkan bí 155°C. Bí ó bá hó, ìfófòó yóò wà nínú rẹ̀, ìfófòó sì ń fún pọ̀ bí kànìnkànìn. Ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kàn wọlẹ̀ lófìfo.

Ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti wà nínú irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe lórí pápá, inú táksí ni, 504 tí ó kó ènìyàn mẹ́sàn-án àti àpò gàrí tí a dì sórí rẹ̀. Bí a ti ń súnmọ́ ibi tí àwọn aṣọ́bodè ti ń dá ọkọ̀ dúró, awakọ̀ tẹ bíréèkì, kò sí nǹkan. Ó tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó fi jíà fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ sì dúró nígbà tí ó ti kọjá igi ìdábùú. Awakọ̀ náà búra pé àwọn ayé ni. Mẹkáníìkì tí ó tú u ní ọjọ́ kejì bá òróró tí ó dúdú bí àgbo ibà. Kò sí ẹni tí ó rántí ìgbà tí a pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹni tí ó ń lọ sí pápá a máa fi òróró tuntun sí i kí ó tó gbéra. A máa yẹ páàdì wò, bí ó bá sì ti jẹ kọjá ààbọ̀, a pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá parí eré, kì í fa bíréèkì ọwọ́, nítorí páàdì tí ó gbóná janjan lè lẹ̀ mọ́ irin tí ó dì mú. Ó ń fi jíà dá ọkọ̀ dúró, ó sì ń fi òkúta dí ẹsẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ mọ́tò wa ti ń ṣe.

Lẹ́yìn bíréèkì ni táyà. Níhìn-ín ni inú wa dùn jù, nítorí ohun èlò tí ó wúlò jù níbẹ̀ kò ju ẹfun ìkọ̀wé lọ, craie tí olùkọ́ fi ń kọ pátákó. A ó fi fa ìlà láti ojú táyà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ibi mẹ́ta yíká. Bí ọkọ̀ bá ti sá eré tán, a ó wo ibi tí ẹfun ti parẹ́ dé. Bí ó bá parẹ́ kọjá èjìká táyà wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò tó, táyà ń dojú dé ní kọ́nà. Bí ẹfun bá kù lójú táyà níbi tí ó yẹ kí ó ti kan ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ohun tí ẹ̀rọ olówó ńlá ń sọ, ẹfun sọ ọ́.

Manomètre tiwa fúnra wa tún ṣe pàtàkì, nítorí èyí tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ti ọmọnìkejì rẹ̀ kì í bára mu. Òwúrọ̀ ni à ń wọn afẹ́fẹ́, nígbà tí táyà tutù. Bí ooru inú táyà bá fi 10°C lé sí i, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá bar kan lé sí i. Nítorí náà, táyà tí ó jẹ́ bar 2.1 ní òwúrọ̀ lè di 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí pápá. Kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Ẹni tí ó wọ̀n ọ́n ní ìgbà méjèèjì ni yóò mọ iye tí yóò dín kí ó tó tún gbéra.

A kò lè ṣàì mẹ́nu ba táyà tòkunbọ̀. Lára gbogbo táyà, lẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ìparí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tí ó tẹ̀lé e ni ọdún. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Táyà lè dán bí bàtà ọdún, kí ìlà ojú rẹ̀ jìn, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbẹ nínú. Ẹni tí ó tà á fún wa kò purọ́, a kò bi í ni.

Ti ẹ́ńjìnnì kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé àmì òkè lára irin tí a fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí ní kọ́nà líle ọ́ìlì a máa ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu tí ń fà á sókè yóò sì fa afẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìsí ọ́ìlì ti tó láti pa ẹ́ńjìnnì. Omi ràdíétọ̀ ńkọ́? Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń gba abẹ́rẹ́ gbọ́ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ ooru kí ó dúró ní àárín gbùngbùn bí ooru tilẹ̀ ń lọ sókè sódò, kí ọkàn oníbàárà lè balẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní oògùn èyí lápò wọn. Láti ọdún 2001 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti mú un ní dandan kí àwọn ọkọ̀ tuntun tí ń lo bẹntiróòlù ní ihò kan tí a ń pè ní OBD, lábẹ́ ọwọ́ ìdarí tàbí nítòsí rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò wọ́n wà tí a ń kì bọ inú rẹ̀, tí yóò sì máa fi iye ooru omi gan-an hàn lójú fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ń gba Kùtọnu wọlé ló ní ihò yìí. Ẹni tí ó bá rí i pé omi kúrò ní 90°C, tí ó ń lọ sí 105, tí ó ṣì ń gòkè, yóò dẹ eré kí abẹ́rẹ́ tó jí lójú oorun.

Ìwé àjákọ ni ó kù. Àwọn tí ó mọ pápá dáadáa kì í sáré ju ogún ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń fi yíyípo àkọ́kọ́ mú ọkọ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi èyí tí ó kẹ́yìn mú un tutù láìtẹ bíréèkì púpọ̀. Bí wọ́n bá wọlé, wọ́n a kọ afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, wọ́n a kọ ooru omi, wọ́n a fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò.

A sọ èyí náà fún wọn láìfi bò: ọ̀nà Ìgòló kì í ṣe pápá, kò sì sí ìpèsè tí yóò sọ ọ́ di pápá. Òróró tuntun kò lè sọ fún ewúrẹ́ pé kí ó dìde. Sindia jìnnà, owó rẹ̀ kò sì sí lápò ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n manomètre àti ẹfun kò béèrè pápá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a tún yà sí abẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti ra ìwé àjákọ ọmọ iléèwé, wọ́n sì ti kọ ọkọ̀ mẹ́rin sínú rẹ̀. Táyà iwájú kan nínú táksí kan jẹ́ bar 1.3, èkejì rẹ̀ jẹ́ 2.1, ọdún 2011 ni wọ́n ṣe méjèèjì. Ẹni tí ó ni táksí náà kọ́kọ́ bínú, ó ní àwọn ọmọ yìí ń wá iṣẹ́ tí kò sí. Nígbà tí a fi máa dìde, ó ti ń bi wọ́n pé iye wo ni táyà tuntun ní Àjàṣẹ́.

Ọmọ tí ó ni fóònù tẹ̀lé wa dé ìdí ọkọ̀ wa. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sí òkè, ó sì bi wá pé ìgbà wo ni a pààrọ̀ òróró bíréèkì wa gbẹ̀yìn. A wo ara wa. Ó fi àlàfo náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa.